Eré Àlejò tí ó Di Ọmọ Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sínú ìwé wa ní àkókò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni. Àwọn kan nínú yín lè wí pé, "Kí ni ó kan olùkọ́ nínú bọ́ọ̀lù?" A bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí ẹni tí yóò bá kọ́ ọmọ ní ìwé kò gbọdọ̀ ṣàì mọ ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn. Ìbéèrè wa ni èyí: báwo ni eré kan ṣe ń di eré orílẹ̀-èdè? Ṣé àṣẹ ìjọba ni í sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, tàbí ife ẹ̀yẹ tí a gbà, tàbí ohun mìíràn tí ó rẹlẹ̀ ju méjèèjì lọ?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a mú yín dé Apọ́ngbọ̀n, níbi tí díẹ̀ nínú àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí gbé dàgbà. Ẹni tí ó bá ti Ìjọra gba orí afárá Èkó wọ erékùṣù, Apọ́ngbọ̀n ni yóò kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀yin mọ̀ bí ibẹ̀ ti gba orúkọ rẹ̀. Òyìnbó oníṣòwò kan wà ní Èkó tí a ń pè ní William McCoskry, òun ni ó sì ṣe adelé gómìnà fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861. Irùngbọ̀n rẹ̀ pupa. Àwọn ará Èkó kò da ara wọn láàmú pẹ̀lú orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n wo àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Apọ́ngbọ̀n. Òyìnbó náà ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà kù, ó sì di orúkọ àdúgbò. Lónìí, ìyá tí ń ṣòwò níbẹ̀ a máa pe orúkọ yìí nígbà ogún ní òòjọ́ láìrántí òyìnbó kankan. Bí Èkó ti ṣe sí irùngbọ̀n àlejò, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ṣe sí eré àlejò.

Kò sí àníàní pé òyìnbó ni ó mú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá wá. Ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ni ó ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìdíje fún ife Gómìnà, ní ọdún 1945, ẹgbẹ́ Marine ti Èkó, èyí tí í ṣe ti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ó gbà á. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kò jókòó sí ilé iṣẹ́. Ó bọ́ sí ìta, ó sì gba èdè ìta. Bọ́ọ̀lù rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ di felele. Òpó kékeré tí a fi òkúta méjì ṣe di mọ́ńkí póòsì. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún tí ó ń dúró de àkókò tirẹ̀ di ṣẹ́tì. Ó ní òfin tirẹ̀ pẹ̀lú: ṣẹ́tì tí a bá kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé rẹ̀ yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òmíràn yóò sì wọlé. Kò sí ẹni tí ń béèrè ipò bàbá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi ti ẹni tí ó ni bọ́ọ̀lù nìkan. Òun ni a kì í lé lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1949. Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira nígbà náà. Ó ku ọdún mọ́kànlá. Ní ọdún náà ni a ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù wa jọ, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi Apapa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etim Henshaw ni balógun wọn. Teslim Balogun, ẹni tí àwọn ènìyàn fi àrá wé nítorí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, wà láàárín wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà. Wọ́n fi aṣọ wé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì fi ọmọ ìka lásán gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn tí ó wọ bàtà olójú irin. Ẹgbẹ́ Marine ti Crosby, lẹ́bàá Liverpool, ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé, wọ́n sì fi ayò márùn-ún sí méjì lù wọ́n. Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá ní ilẹ̀ náà. Wọ́n borí nínú òmíràn, a sì borí wọn nínú òmíràn. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ wálé, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì lu ẹgbẹ́ Sierra Leone ní ayò méjì sí òdo. Teslim Balogun padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1955. Ní ọdún 1956 ó di ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Queen's Park Rangers. Pápá ńlá kan ní Sùúrùlérè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kí Nàìjíríà tó ní àsíá, ó ti ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ Efik àti ọmọ Yorùbá ti ń gbá bọ́ọ̀lù kan náà sí ilé kan náà kí àwọn àgbà tó jókòó ṣe ìwé òfin òmìnira.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé orílẹ̀-èdè ńlá bí tiwa ni irú èyí yẹ, kí ó wo aládùúgbò wa, ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn ará wa ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń gbé. Iye àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tiwa. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ń jẹ́ nígbà náà, ẹranko kékeré tí kì í bá erin du igbó. Ní ọdún 2019, nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Guinea-Bissau, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Cameroon tí ó ni ife náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan Mòrókò, wọ́n tún ta ọ̀mì, nígbà tí ó sì di bọ́ọ̀lù tí a ń gbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí aṣọ́lé, ọ̀kẹ́rẹ́ ni ó borí. Ibi tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n dé kí Senegal tó dá wọn dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ní Abidjan, àwa fúnra wa kan wọn, wọ́n sì fi ayò méjì sí ẹyọ kan lù wá. A gbẹ̀san ní Ùyó ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 pẹ̀lú ayò mẹ́rin sí òdo, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa ẹ̀kọ́ ti Abidjan rẹ́. Nínú ọrọ̀ àti nínú ogunlọ́gọ̀, orílẹ̀-èdè kékeré kì í bá ńlá dọ́gba. Lórí pápá, ènìyàn mọ́kànlá ni olúkúlùkù ń kó wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ̀ sórí iṣẹ́ wa. Ní sáà tí ó kọjá, a rán díẹ̀ nínú wa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí Apọ́ngbọ̀n. A bá a pé a ti ka bọ́ọ̀lù léèwọ̀ níbẹ̀. Èèwọ̀ náà ní ìdí. Àgbàlá náà há. Bọ́ọ̀lù ti ré ògiri kọjá, ó dà igbá tòmátò ìyá kan nù, ọmọ tí ó sáré lé e sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sábẹ́ alùpùpù. Ṣùgbọ́n a kíyè sí i pé bí agogo ìparí bá ti lù, ojú títì gan-an ni àwọn ọmọ náà ń lọ gbá a. Èèwọ̀ náà ti mú bọ́ọ̀lù kúrò nínú ògiri, ó sì ti gbé e fún ọkọ̀.

A tọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà lọ, a dọ̀bálẹ̀, a ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún wa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀." Bàbá wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ni yóò san owó tòmátò?" A lọ ra ògbólógbòó àwọ̀n lọ́wọ́ àwọn apẹja, a ta á sókè ògiri, bàbá sì gbà. Ṣẹ́tì méjìlá ni àwọn ọmọ náà pín ara wọn sí. Àwọn ọmọbìnrin béèrè tiwọn, a fún wọn ní méjì, nítorí ta ni ó lè wí pé kò yẹ wọ́n ní ìpínlẹ̀ tí ó bí Asisat Oshoala ti Ìkòròdú, ẹni tí ó gba adé agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó tayọ jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹfà?

Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí ìṣirò ti mú sú wa. Bí a bá bi í ní ẹ̀jọ lọ́nà méje, yóò máa wo àjà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a rí i pé òun ni gbogbo àwọn ọmọ ń sáré tọ̀ lọ láti mọ ṣẹ́tì tí ó kàn. Ó ní gbogbo rẹ̀ lórí: ẹni tí ó ti bá ẹni gbá, iye ayò, iye ìgbà tí ṣẹ́tì kọ̀ọ̀kan jókòó. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi ayò àti ṣẹ́tì kọ́ ọ ní ìṣirò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, àwọ̀n ṣì wà lórí ògiri.

A kò ní sọ pé kò sí ewu. A mọ àwọn ọ̀dọ́ tí ó fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. A mọ àwọn tí ó ju ìwé sílẹ̀ nítorí àlá Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ìwé àti bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀tá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà fi ayò mẹ́ta sí òdo gba ife Áfíríkà lọ́wọ́ Algeria ní Sùúrùlérè, Ṣẹ́gun Odegbami ni ó gbá méjì wọlé, Muda Lawal sì gbá ẹ̀kẹta. Odegbami yìí ti kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn. Olùkọ́ tí ó bá dúró lẹ́bàá pápá ni ó lè sọ èyí fún ọmọ kí ọmọ gbọ́. Èyí tí ó dúró sínú ọ́fíìsì ń pariwo lásán ni.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè náà nìyí. Eré orílẹ̀-èdè ni eré tí ọmọ aláìní lè ṣe láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ohun tí ó lè gbà á lọ́wọ́ wa kì í ṣe ayò tí a pàdánù ní Abidjan, bí kò ṣe ilẹ̀ tí ó ń tán. Ní erékùṣù Èkó, ilé ti fara kan ilé, ọjà ti bo ẹ̀gbẹ́ títì. Ọjọ́ ìdìbò, tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń rí ojú ọ̀nà gbá bọ́ọ̀lù láìbẹ̀rù. Ọjọ́ ìdìbò kì í sì í ṣe ojoojúmọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a óò tú ká sí ìlú àti abúlé. Bí a bá dé ibi iṣẹ́, tí a rí pátákó, ṣọ́ọ̀kì àti agogo, ẹ jẹ́ kí a tún béèrè pé, "Pápá dà?" Bí kò bá sí, kí a wá a, bí ó bá há, kí a ta àwọ̀n sí i, bí a bá sì fẹ́ gbà á kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí a jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò lọ bẹ àwọn àgbà ìlú.