Adé Kò Bá Ọba Wọ Ibojì

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 19 oṣù September, ọdún 2022, àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún péjọ sí ilé ọ̀kan nínú wa ní Ìsọlọ̀, láti fi tẹlifíṣọ̀n wo ìsìnkú Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, ẹni tí ó wàjà ní ọjọ́ 8 oṣù náà ní Balmoral, ní ilẹ̀ Scotland. Bí agogo 11 òwúrọ̀ ti lù ní Ìsọlọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó lù ní Lọ́ńdọ̀nù, ìsìn sì bẹ̀rẹ̀ ní Westminster Abbey.

Ìyá onílé wà lọ́mọdé ní 1956 tí Ọbabìnrin wá sí Èkó. Ó wà lára àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n tò sí etí ọ̀nà tí wọ́n ń ju àsíá. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa bínú, ó ní, “Màmá, ẹni tí ó jọba lé wa lórí títí di 1963 láìbéèrè lọ́wọ́ wa ni ẹ ń sunkún fún?” Màmá dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, ìyá àwọn ọmọ kan ni.”

A wo àwọn ọmọ ogun ojú omi 142 tí wọ́n fa kẹ̀kẹ́ tí pósí náà wà lórí rẹ̀. A rí William àti Harry, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí gbogbo ayé mọ̀ pé àárín wọn kò gún, tí wọ́n jọ ń tẹ̀lé òkú ìyá bàbá wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ní Windsor, wọ́n gbé adé kúrò lórí pósí, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn èyí ni pósí rọra wọlẹ̀ lọ. Gbogbo ilé parọ́rọ́. Màmá mí kanlẹ̀, ó ní, “Adé kò bá ọba lọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí èmi àti àbúrò mi kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀, nítorí yàrá méjì péré nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Òṣòdì. Bàbá tí ó kọ́ ilé náà kò mú bíríkì kan lọ.

Kí n tó dé ilé ní alẹ́ náà, mo pè é lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

A kò tíì parí ọ̀rọ̀ yàrá náà títí di òní, ṣùgbọ́n a ti ń jẹun pọ̀. Ẹ̀yin tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé yín, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìsìnkú.