Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀?

Ẹ lọ sí abúlé, kí ẹ bi àgbàlagbà kan léèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ó ń ro. Yóò ní ilẹ̀ bàbá òun ni. Bí bàbá náà bá wà láàyè, òun náà yóò ní ti bàbá òun ni. Kò sí ẹni tí yóò la ẹnu pé èmi ni mo ni ín.

Èmi rò pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àlejò tí wọ́n bá fún ní ilẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ìbáà ṣe iṣu tàbí epo, láti fi hàn pé òun kò gbàgbé ẹni tí ó fún òun. Ó lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgbàṣẹ, nítorí igi tí ó bá pẹ́ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ a máa di ẹjọ́ sí àwọn ọmọ lọ́rùn. Olórí ẹbí pàápàá, alámòójútó ni.

Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onílẹ̀ ní Èkó, gbé ẹjọ́ owó gbà-má-bínú rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920. Ní 1921, àwọn adájọ́ Privy Council dá a láre: àwọn ènìyàn rẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n ni ilẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ ní pípé. Ohun tí ó wù mí níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni ó fi jàre ìjọba.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 wá fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà, nítorí gbogbo ará ìlú. Ìwé àṣẹ tí ẹni tí ó ra ilẹ̀ ń gbà, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni ó sábà máa ń jẹ́. Ayálégbé ni òun náà! Ó jọ pé òfin àti àṣà fẹnu kò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olórí ẹbí bá ṣe màgòmágó, a lè lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi sọ̀rọ̀. Ta ni yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gómìnà?

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sínú ìwé fún mi. Títì ti dé ẹ̀bá oko tí bàbá mi àgbà fi sílẹ̀, ẹbí sì fẹ́ tà á. Wọ́n ní owó náà yóò kárí, èmi náà yóò sì jẹ níbẹ̀. Owó ilé-ìwé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí kò ní aṣojú ní ìpàdé náà. Mo ti ránṣẹ́ sí olórí ẹbí pé kí a fi ilẹ̀ náà yá àgbẹ̀, kí a máa gba owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bàbá kò tíì fèsì.