Ooru Inú Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò bá mọ ilé wa ní Kamina lè rò pé àwàdà ni a fẹ́ ṣe. Ta ni í tún ẹ̀rọ ooru inú ọkọ̀ ṣe ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́? Àwa ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ṣe é, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti àbúrò wa.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà. Ọdún 1968 ni àwọn Faransé gbé irú rẹ̀ jáde, a sì bẹ̀rẹ̀ sí tò ó ní Kaduna ní Nàìjíríà ní 1975. Àwọn ẹgbẹ́ wa mọ ìró rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí bàbá wa kú, ìyá wa ní kí a má ṣe tà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́. Ooru ń tú jáde níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, nínú oṣù kẹta tí ìta pàápàá ń jó. Ìyá ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èmi kì í ṣe iṣu tí ẹ ó máa sè títí dé ọjà Atakpamé." Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gun zémidjan, ìyá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún! Ẹ lè mọ bí ojú ti ń tì wá tó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan ní kí a gé rọ́bà méjèèjì tí ó ń gbé omi gbígbóná wọ inú ọkọ̀, kí a so orí wọn pọ̀, ó tán. Àbúrò wa tí ó wá láti Lomé gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwa kọ̀. A kò ní èrò tí ó dára ju tiwọn lọ. Ọkàn wa ni kò kàn gbà kí a gé ohun tí bàbá fi sílẹ̀ kí a tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ará Kamina mọ irin tí a fọ́. Lóru ọjọ́ 24 sí 25 oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá tí wọ́n kọ́ síbí jẹ́, èyí tí ó ń bá Nauen nítòsí Berlin sọ̀rọ̀, kí ọ̀tá má bàa rí i lò. Àwọn ní ìdí tiwọn. Ìdí wo ni àwa ní?

A lọ bá bàbá arúgbó kan tí ó ti fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀. Ó ní: "Ẹ wo tápù rẹ̀ kí ẹ tó mú ọ̀bẹ." Òun ni ó là wá lójú pé omi tí ó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ni a ń darí apá kan rẹ̀ gba inú rádíétọ̀ kékeré kan níwájú èrò, tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn kọjá lára rẹ̀. Tápù ni ó ń ṣí omi náà tí ó sì ń tì í. Wáyà kan ni ó so tápù mọ́ ọ̀pá tí awakọ̀ ń fà. Tiwa ti dípẹtà ní ṣíṣí, nítorí omi kànga ni a ń bù sínú ọkọ̀ dípò omi rádíétọ̀ tí wọ́n ń tà. Wáyà sì ti já.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń kán epo sí tápù kí ó tó yí. Nítorí ọgbọ́n orí wa, a fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò èyí tí ó já. Ó ṣí i, kò lè tì í! Okùn irin tí a lọ́ pọ̀ ni wáyà kẹ̀kẹ́. Ó mọ̀ ọ́n fà, kò mọ̀ ọ́n tì. Bàbá arúgbó rẹ́rìn-ín títí, ó sì yọ wáyà olókùn kan tí ó le gbagidi lára àlòkù ọkọ̀ kan fún wa. A ti tápù pa, a gbé ọ̀pá sí ibi títì, lẹ́yìn náà ni a tó dè wáyà mọ́lẹ̀. Bí a bá kọ́kọ́ dè é, kò ní tì tán láéláé.

Ìyá padà sínú ọkọ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, a ń gbé e lọ sí Badou lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Lórí òkè, abẹ́rẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì sáré lọ sí ibi pupa. Àbúrò wa fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kí ó ṣí ìdérí rádíétọ̀; a kígbe mọ́ ọn, nítorí omi tí ó ń hó lábẹ́ ìdérí yóò tú sí i lójú ni. A fa ọ̀pá, a tan fáànù, a ń rọra lọ. Ooru bo gbogbo wa. Abẹ́rẹ́ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí padà wá díẹ̀díẹ̀.

A bẹ ìyá pé kí ó má bínú. Ó ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó ń fi ìborùn fẹ́ ara rẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Bàbá yín náà máa ń fà á bí a bá dé òkè yìí."

Àbúrò wa bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa láti ìgbà yẹn wá.

Ó ní a kò bi òun.