Kí Lésà Tó Tàn, Ètò Ti Ṣiṣẹ́

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìtànṣán lésà 192 wọ inú agolo kékeré kan ní ilé ìwádìí National Ignition Facility, ní Livermore, ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nínú agolo náà ni hóró kan wà tí kò tóbi ju iyèré lọ. Agbára megajoule 2.05 ni lésà gbé wọlé, 3.15 ló jáde. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà ti fa nǹkan bí 300 lára iná mànàmáná kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ mú èrè wá ju ohun tí lésà fi síbẹ̀ lọ. Ìròyìn náà kan gbogbo ayé.

Ohun tí ìròyìn kì í sábà sọ ni bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ọjọ́ iṣẹ́. Ilé tó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè fi orí rò tán. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń darí ẹ̀rọ tàbí tó ti ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ tó nǹkan bí 60,000. Nítorí náà, ètò orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń to iṣẹ́: ìdánwò wo ni yóò ṣáájú, irinṣẹ́ wo ni yóò wo àbájáde rẹ̀. Kí lésà tó tàn, kọ̀ǹpútà a ti ṣírò agbára tí ìtànṣán yóò ní àti ewu tó lè mú bá dígí tó ń gbà kọjá.

Àkókò gan-an ni ìjà wà lé lórí. Onímọ̀ físíìsì fẹ́ kí lésà tàn lónìí, kí ó sì tún tàn lọ́la. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fẹ́ kí ó sinmi. Àwọn méjèèjì ló jàre. Hóró tí wọ́n fi yìnyín háídírójìn tẹ́ inú rẹ̀ lè gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó ṣe é lò. Bí wọ́n bá sún ìdánwò síwájú, làálàá yẹn lè ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí lésà bá tàn tán, dígí tó gbóná gbọ́dọ̀ tutù fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ìmọ́lẹ̀ náà tún máa ń ba dígí jẹ́. Ihò tóńtó a yọ lára rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tún ń lù ú, yóò máa fẹ̀ sí i. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kámẹ́rà ni wọ́n fi ń wá irú àpá bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà a sì kọ ìtàn dígí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ibi tó wà, àpá tó ní, bí àpá náà ṣe ń dàgbà. Bí àkókò àtúnṣe kò bá tíì tó, wọ́n lè fi òjìji bo ojú àpá kí ìmọ́lẹ̀ má baà kàn án. Ṣùgbọ́n òjìji kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, nítorí ibi tí ó bá bò, agbára ti dín kù níbẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọn yóò yọ dígí náà, wọn yóò tún un ṣe, wọn yóò sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ètò kọ̀ǹpútà kò parí ìjà yìí. Ó kàn ń kó ẹ̀rí síwájú àwọn tó ń ṣèpinnu ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí àtúnṣe di ọ̀la yóò rí àpá tí òun ń bọ́ dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ dá lésà dúró yóò rí ìdánwò tí òun ń fà sẹ́yìn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, gbèdéke tí wọ́n dá kọjá, ọwọ́ kò sì tẹ ohun tí wọ́n ń wá. Ó tún gba ọdún mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti ka ọjọ́ àtúnṣe sí ọjọ́ òfò láàárín ọdún wọ̀nyẹn, dígí wo ni lésà ọdún 2022 ì bá gbà kọjá? Nítorí náà, kí á tó pàtẹ́wọ́ fún ilé ìwádìí nítorí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan, ó yẹ kí á béèrè ìwé ètò rẹ̀ wò: ọjọ́ mélòó ló yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú?