Ẹ Má Dúró sí Òṣogbo

Ẹni tí ó bá lọ gba afẹ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo ni í mọ. Àwa wí pé kò tó. Ẹ wọ mọ́tò Ìkìrun, kí ẹ sì yà sí Èkó-Ende lọ wo odò Ọtìn.

Ní 1878, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun ní Ìkìrun, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin sá dé odò yìí, wọ́n bá a pé afárá ti bàjẹ́. Wọ́n já lu omi, ọ̀pọ̀ sì bómi lọ. Òun ni ogun Jálumi.

Odò yìí kan náà ni ìjọba sé ní Èkó-Ende kí ará Ìkìrun lè rí omi mu. (Ẹ̀yin èwe, kí ẹnikẹ́ni má tún jálumi o!)

Bí ẹ bá dé Òkukù, ẹ gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo.