Andy Razaf: Ọmọ Ọba Tó Ń Ta Orin Lọ́pọ̀

Orin kì í sábà ní bàbá kan ṣoṣo. Ẹnì kan a gbé ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ẹlòmíràn a fi ọ̀rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin bá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, akọrin ni ayé ń yẹ́ sí, ẹni tó gbé ohùn kalẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ a di ẹni ìgbàgbé. Ó máa ń dùn mí, nítorí lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ìlù pàápàá ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Andriamanantena Paul Razafinkarefo ni orúkọ Razaf gan-an. Washington ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1895, ṣùgbọ́n Madagásíkà ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ìbátan Ọbabìnrin Ranavalona Kẹta. Bàbá ìyá rẹ̀, John Waller, tí a bí sínú oko ẹrú, ti di aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní erékùṣù náà. Àwọn Faransé kógun dé: wọ́n ju Waller sẹ́wọ̀n, ogun pa bàbá ọmọ, ìyá tó lóyún rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún 15, sì sá padà sí Amẹ́ríkà. Ní 1897, wọ́n lé ọbabìnrin náà kúrò nílùú rẹ̀. Algiers ló kú sí.

Harlem ni ọmọ náà dàgbà sí. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 16, ó sì ń darí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú ilé alájà kan tí àwọn olówò orin wà. Ẹ wo ọmọ ọba! Ní 1913, wọ́n lo orin rẹ̀ kan nínú eré ìtàgé Broadway. Lẹ́yìn ìyẹn, ó pẹ́ kí nǹkan tó ṣẹnuure. Ó ń kọ ewì sínú ìwé ìròyìn Marcus Garvey.

Fats Waller ló wá bá a ṣe é. Ọdún 1929 nìkan mú «Ain't Misbehavin'» àti «Honeysuckle Rose» wá. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ta ẹ̀tọ́ orin wọn pátápátá fún àwọn olówò orin. Ohun tí wọ́n tà lọ́pọ̀ kò ṣeé rí rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Lójú tèmi, «Black and Blue» ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Razaf ṣe sọ ọ́, ọ̀daràn tó fowó sínú eré «Hot Chocolates», Dutch Schultz, pàṣẹ pé kó kọ orin apanilẹ́rìn-ín nípa obìnrin tó dúdú jù, ó sì fi ìbọn halẹ̀ mọ́ ọn. Razaf kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò pẹ́ níbẹ̀. Ìbéèrè nípa ìyà tí àwọ̀ ń fi jẹni ló gba orin náà. Louis Armstrong gé apá ti obìnrin náà kúrò, ó sọ ọ́ di ẹjọ́ gbogbo adúláwọ̀. Ní 1956, ó kọ ọ́ ní Àkírà, níṣojú Kwame Nkrumah.

Àrùn sọ Razaf di arọ ní ọdún púpọ̀ gbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ní 1972 ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn àgbà òǹkọ̀wé orin Amẹ́ríkà. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 1973. Ní 1978, wọ́n gbé eré «Ain't Misbehavin'» lọ sí Broadway, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Tony. Orúkọ Waller ni wọ́n so mọ́ àkọlé rẹ̀. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń fi ẹnu kọ lálaalẹ́, ti Razaf ni.