Ìlù Tí Kì Í Dún, Tó Sì Ń Ya

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìlù bá dún ní àdúnjù, yíya ní í ya. Ìlù tí mo ń lù nínú yàrá mi ní Ọ̀rẹ̀ kì í dún dé ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ awọ rẹ̀ a máa ya. Ìlù oníná ni. Àwọ̀n tí wọ́n fi òwú poliẹ́sítà hun ni wọ́n fi ṣe awọ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ àwọ̀n náà tó ń mọ bí ọ̀pá ṣe le tó nígbà tó bà á, yóò sì sọ ọ́ di ohùn nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù tí mo fi bo etí. Ẹni tó bá dúró tì mí kò ní gbọ́ ju kì-kì-kì lọ.

Ìdí tí mo fi yan irú ìlù bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni mo ń gbé. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, ìyá ọlọ́mọ tuntun wà ní òsì. Ìlù ni mo sì fi ń jẹun: òde ìnáwó ní ọjọ́ Sátidé, ilé ìjọsìn ní ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí mo kó dé, ìyá onílé pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, n kò bá iṣẹ́ rẹ jà o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìlù bá jí ọmọ jòjòló yìí lóru, ìwọ náà yóò wá yàrá mìíràn." Nítorí náà, bí awọ bá ya ní ọjọ́ Ajé, kì í ṣe owó awọ nìkan ló bá a lọ. N kò ní ibi tí n ó ti fi orin ọ̀sẹ̀ náà dánra wò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá dé òde láìgbára dì kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi wá ẹlòmíràn.

Ọ̀rẹ̀ ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin ló sì wà. A ní pákó, a ní kòkó, a ní epo pupa. Ṣùgbọ́n Èkó ni mo ti ń ránṣẹ́ ra awọ ìlù oníná, awakọ̀ ni yóò sì bá mi gbé e já sí ìkóríta. Ohun tí ènìyàn kò ní fojú rí kí ó tó sanwó, ó yẹ kí ó mọ ìbéèrè tí yóò bi ẹni tó ń tà á.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi àgbà ní Odígbó ni mo ti kọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Onídùndún ni wọ́n. Kí wọ́n tó ra awọ ewúrẹ́, wọn a gbé e sókè kọjú sí oòrùn, wọn a wá ibi tó fẹ́lẹ́ ju ibòmíràn lọ, wọn a sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká. Wọn kì í wá èyí tó nípọn jù. Èyí tó dọ́gba ni wọ́n ń wá. Bí òjò bá sì ti mú kí awọ rọ̀, wọn a yá a lóòrùn kí wọ́n tó jáde.

Wàhálà òjò yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní 1957, Remo Belli dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó ń fi ọ̀rá líle ṣe awọ ìlù. Orúkọ tó sọ awọ náà ni Weather King, èyí tí a lè pè ní ọba ojú ọjọ́. Ní 1997, ilé-iṣẹ́ Roland ti Japan gbé V-Drums jáde pẹ̀lú awọ àwọ̀n tí wọ́n bá Remo ṣe. Afẹ́fẹ́ ń gba ihò àwọ̀n kọjá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pariwo. Kì í mu omi bí awọ ewúrẹ́. Ohun tó ń pa á ni lílu ojú kan ṣoṣo, ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́, àti fífà tí kò dọ́gba.

Ìbéèrè mi kìíní ni iye ìpele. Àwọ̀n onípele kan a máa ta ọ̀pá padà jù, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ ya. Onípele méjì ni mo ń yàn: bí òwú kan bá já lókè, ti ìsàlẹ̀ ṣì ń gbé e ró, ọwọ́ sì ń gbádùn rẹ̀ bí awọ gidi. Onípele mẹ́ta wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó lè gba pé kí ẹ tún ìgbọ́ràn ẹ̀rọ tò. Ìkejì ni etí awọ. Ẹ ní kí òǹtajà ya àwòrán ibi tí àwọ̀n ti wọ òrùka irin ránṣẹ́. Bí gọ́ọ̀mù bá kún ibẹ̀ yíká, tí òwú kankan kò sì yọ jáde, ó ṣe é rà. Ìkẹta ni ìwọ̀n: ẹ wọn ojú ìlù yín láti etí kan dé ìkejì, nítorí awọ íǹṣì 10 kò lè bo ìlù íǹṣì 12.

Bí awọ bá dé, ẹ má ṣe fún ìdè kan pa kí ẹ tó kan òmíràn. Ẹ fún èyí díẹ̀, kí ẹ fún èyí tó kọjú sí i díẹ̀, títí tí gbogbo ojú rẹ̀ yóò fi dọ́gba lábẹ́ àtàǹpàkò. Bí ó bá dẹ̀ jù, ọ̀pá yóò máa gbá ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀. Bí ó bá le jù, òwú ni yóò jìyà. Ọ̀pá tí mo ń lò ní ilé ìjọsìn kì í kan ìlù oníná mi, nítorí etí símbálì a máa ha igi, igi tó ti ha a sì máa fa òwú ya. Èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ike ni mo yà sọ́tọ̀ fún ilé. Ní ti ìlù ẹlẹ́sẹ̀, mo lẹ awọ kékeré mọ́ ojú ibi tí òòlù rẹ̀ ń bà, mo sì tẹ́ fóòmù sábẹ́ rẹ̀ kí ìró má baà gba ilẹ̀ dé yàrá ọlọ́mọ.

Nígbà kan, mo mú awọ tuntun lọ han bàbá mi àgbà. Wọ́n gbé e sókè kọjú sí oòrùn.

"Ewúrẹ́ wo nìyí?"

"Èyí tí kì í jẹ koríko ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yíká. "Ibi tó ti so mọ́ irin yìí ni yóò ti ya. Máa wò ó dáadáa." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ohun tí n kò retí: "Ìlù tí aládùúgbò kò gbọ́, ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo dá wọn lóhùn pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kí n lè ní ohun tí n ó bá gbogbo ayé sọ ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n mi orí, wọ́n dá awọ náà padà fún mi. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ó yadi títí dé òde."